Ohùn Tó Ti Ọ̀la Wá

"Wọ́n ní ó pè."

"Ta ló pè?"

"Làmídì, ọkọ Hàjàrá. Wọ́n ní ó pè láti..."

"Láti ibo? Ṣebí wọ́n ní ó ti..."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ìyá òun pé òun ti..."

"Háà! Ẹ má parí ẹ̀ o. Ẹ ò wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí ni?"

Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ní àbáwọlé Ìrókò, ìlú wa, dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí wọ́n rí mi. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tó gbé mi láti Mọ́níyà ni, báàgì ìwé mi wà léjìká mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, kò sì wojú mi.

"Rùkáyátù, o káàbọ̀. Ìwọ lo gbọ́ ohùn ẹ̀, àbí?"

Ọjọ́ Ajé ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kan péré, ní Ọlọ́runṣògo, nínú ìlú Ìbàdàn. Ọjọ́ Jímọ̀ rèé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé, ó ti dàgbà, ó ti hu irùngbọ̀n.

Ọdún 1995 ni, oṣù kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Nítorí kí n lè sún mọ́ ilé ìwé ni mo ṣe ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Gbọ́njúbọ́lá. Kérúbù ni wọ́n ń lọ, mùsùlùmí ni ìyá mi, ẹ̀sìn kò sì dá àwọn méjèèjì níjà rí. Tẹlifóònù dúdú kan wà ní pálọ̀ wọn, èyí tí ọkọ wọn fà wọlé kó tó di olóògbé. Ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun ní Ìrókò, ibẹ̀ ni ọmọ náà ń pè sí.

Bọ̀dá Làmídì wà lára wọn. Ọmọ agbo ilé wa ni. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti wà ní Jídà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tó ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ta ẹ̀yà mọ́tò. Ní Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, yóò pè. Hàjàrá ìyàwó rẹ̀ á ti wá láti Ìrókò, á ti jókòó ti tẹlifóònù láti aago mẹ́ta, á so gèlè bí ẹni pé ọkọ ń rí i.

Ní Ajé tí mò ń sọ yìí, òjò ba ọ̀nà jẹ́. Hàjàrá kò dé. Màmá Gbọ́njúbọ́lá ń lọ sí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n pè mí sẹ́nu ọ̀nà.

"Rùká, bírò àti ìwé nìyí. Bí tẹlifóònù bá dún, kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀. Èyí tí o ò bá gbọ́, ní kó tún un sọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Wọn kò tíì dé òpópó tí Múyì fi yọ. Kíláàsì kan náà la wà. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí ẹni jí adìyẹ.

"Ìyá Kérúbù ti lọ, àbí? Fi í sí i, jàre!"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi fídíò sí i, Múyì. Mo tún ní ìwé láti kà."

"Ìwé, ìwé, ìwé! Ìwé ni wọ́n máa fi sin ẹ́. Mọ̀lẹ́bí mi tó ni ín ń gbà á lọ́la. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo fi í sí i. Kí n má purọ́, ó dùn. A wá yí ohùn rẹ̀ sókè torí òjò tó ń lu páànù.

Bí aago márùn-ún ṣe lù báyìí ni tẹlifóònù dún.

Mo gbé e. Ìró kan ń kùn nínú rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ohùn ara mi á kọ́kọ́ padà wá bá mi, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sí ìsàlẹ̀ kànga, tó ń sín mi jẹ. "Ẹ ǹlẹ́ o, sà... ńlẹ́ o, sà." Lẹ́yìn náà ni ohùn Bọ̀dá Làmídì tó dé, tín-ín-rín, láti ọ̀nà jíjìn.

"Rùkáyátù... sọ fún ìyá mi pé... pa... 'pò... dà... mo ti kúrò... kí wọ́n má bẹ̀rù... òru ni... ọ̀la ti dé ọ̀dọ̀ mi..."

"Múyì, yí i wálẹ̀!"

"Ibi tó dùn la dé yìí o!"

"... Ṣé o gbọ́, Rùkáyátù?"

Gbogbo ohun tó tẹ̀lé e nínú ìtàn yìí, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́. Mo mọ̀ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè ní akọ̀wé ilé, èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún gbogbo agbo ilé, ojú sì ń tì mí láti sọ fún àgbàlagbà pé kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Múyì náà sì ń fọwọ́ pè mí.

"Mo gbọ́, sà," ni mo wí.

"Ó dáa. Màá tún pè lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di..." Tẹlifóònù kú.

Ìwé tó wà níwájú mi funfun báláú.

"Kí ló sọ?" Múyì bèèrè, kò gbójú kúrò lára fídíò.

Mo kó àfọ́kù ọ̀rọ̀ náà jọ, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ra bí ẹni ń lẹ igbá. "Ó ní kí n sọ fún ìyá òun pé òun ti... papòdà."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu mi ni Múyì dá fídíò dúró.

"Papòdà? Ẹni tó papòdà ni wọ́n ń pè ní òkú o, Rùká. Òkú wá ń pe tẹlifóònù?"

"Ó tún ní òru ni. Ó ní ọ̀la ti dé ọ̀dọ̀ òun."

A jọ wo ojú fèrèsé. Òjò ti dá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri, pupa, gbangba. Òru wo? A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dọ́nà ọ̀fun. Múyì kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní ilé ń pe òun.

Nígbà tí Màmá Gbọ́njúbọ́lá dé, wọ́n béèrè bóyá ó pè. Mo ní, "Ó pè, mà. Ó ní àlàáfíà ni. Yóò tún pè lọ́jọ́ Ajé." N kò mọ̀ pé ìyá Múyì ń ná ọjà Mọ́níyà, àti pé ọmọ rẹ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ sínú sùn.

Ìyẹn ni mo bá nílé lọ́jọ́ Jímọ̀.

Agbo ilé kún. Bàbá Roheem tó jẹ́ olórí agbo ilé jókòó lórí àga, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ka tẹ̀sùbáà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Àlàájà Mùjíbátù, tó ti Mẹ́kà dé ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, jókòó sí. Àlàájà ń sọ ọ́ fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́.

"Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo rí i, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Jídà. Aago mẹ́wàá tiwọn ni ọkọ̀ wa gbéra. Aṣọ funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Mo rò pé ó wá sìn mí ni. Mo ní, 'Làmídì, kí ni kí n bá ẹ sọ fún wọn nílé?' Ó ní òun náà ń lọ. Mo ní, 'Níbo?' Ó ní, 'Ibi tó jìnnà ni, Àlàájà. Wọ́n á gbọ́.' Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ló bá wọ àárín èrò. N kò rí i mọ́."

"Ẹ ò rí i?" ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Alẹ́ Àìkú ní Jídà. Ìrọ̀lẹ́ Ajé, ó ti wà níbi tí ọ̀la ti dé. Ẹlẹ́ran ara wo ló ń rin irú ìrìn yẹn?"

"Àkúdàáyà," ẹlòmíràn wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tó ní lọ́kàn: ẹni tó kú síbì kan, tó wá ń rìn kiri níbòmíràn, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá Làmídì jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Wọn kò tíì jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn kò sunkún, wọn kò sọ̀rọ̀. Ojú wọn kàn wà lára mi.

Bàbá Roheem dá tẹ̀sùbáà dúró. "Rùkáyátù. Ìwọ ni ọmọ tó mọ̀wé nínú wa. Ìwọ lo gbọ́ ọ. Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: n kò gbọ́ dáadáa. Mo la ẹnu. Ojú gbogbo ilé wà lára mi. Mo rí fídíò, mo rí Múyì, mo rí ìwé funfun.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ariwo sọ. Nínú ariwo náà ni Bàbá Roheem ti dìde, wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àdúrà fìdáù. Wọ́n ní kí Hàjàrá bẹ̀rẹ̀ ìjókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n tún nàka sí mi. "Bó bá tún pè lọ́jọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, òun ló bá lọ."

Mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá Hàjàrá kọjá. Ó ti da aṣọ funfun bora. Agbádá ọkọ rẹ̀ mẹ́ta wà ní kíká lórí ẹní, wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe sàráà. Ó pè mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Rùká, ohùn ẹ̀... ṣé ó dà bí ohùn ẹni tí òtútù ń mú?"

Mo sá jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo padà sí Ìbàdàn. Màmá Gbọ́njúbọ́lá ti gbọ́. Wọ́n ti da aṣọ ìnujú bo tẹlifóònù, wọ́n gbé Bíbélì lé e lórí, wọ́n ṣí i sí Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún. Nínú pálọ̀ tó dákẹ́, ó dà bí ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ de ìsìnkú. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí ìwé Yorùbá mi kí n lè fi ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí ìpajẹ ló ṣí sí: bí fáwẹ́lì ṣe ń já sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé. Mo ń ka àpẹẹrẹ tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó, tí èmi fúnra mi fi bírò búlúù dà kọ:

*pa ipò dà → papòdà*

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi ìka sí i. *Pa ipò dà.* Láti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Òkú ló ń papòdà, torí ó kúrò láyé lọ sọ́run. Ṣùgbọ́n alààyè ńkọ́? Alààyè tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá mú kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, ṣé ipò rẹ̀ kọ́ ni wọ́n pa dà?

Mo fa ìwé àwòrán ayé yọ nínú báàgì mi. Òru ni, ó wí. Ọ̀la ti dé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbí. Kí ọ̀la tó lè dé níbì kan, aago ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọjá méjìlá òru. Ó gbọ́dọ̀ fi wákàtí méje ó kéré tán ṣáájú tiwa. Ìwọ̀n dìgírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni oòrùn ń rìn ní wákàtí kan, gbogbo ọmọ tó ń kọ́ Jọ́gíráfì ló mọ ìyẹn. Mo kà á síhà ìlà oòrùn, láti orí ìlà tí a fi ń ṣètò aago Nàìjíríà: méje lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn gbé ìka mi dé etí Ṣáínà; ó kọjá òkun, ó dúró ní ìpẹ̀kun ayé, ní Jàpáànù tí ẹ̀yà mọ́tò ti ń wá, níbi tí Tókíò wà. Ibi tí ọ̀la ti ń ṣáájú dé wà lóòótọ́. Ó ní orúkọ. Ó wà nínú ìwé ọmọ iléèwé.

Ó wá ku ìrìn náà. Mo ja òwú dúdú kan lára yẹ̀rì mi, mo tẹ́ ẹ láti Jídà dé Tókíò, mo gbé e sórí rúlà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Ẹgbẹ̀rin kìlómítà ni sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán náà: ó jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà. Olùkọ́ wa sì ti sọ pé ọkọ̀ òfuurufú ńlá lè sá ẹgbẹ̀rin kìlómítà ní wákàtí kan. Wákàtí méjìlá nìyẹn. Àlàájà rí i lálẹ́ Àìkú, nígbà tí aago tiwa jẹ́ mẹ́jọ, torí Jídà fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Láti ìgbà náà dé aago márùn-ún ọjọ́ Ajé, wákàtí mọ́kànlélógún ni. Ó lè fò, kó balẹ̀, kó jẹun, kó wẹ̀, kó tún wá ibi tí yóò ti pè.

Ẹlẹ́ran ara lè rin irú ìrìn yẹn.

Ṣùgbọ́n inú ìwé lèyí wà. Bí mo bá ṣi í ńkọ́? Bí kì í bá ṣe Tókíò ló lọ, bí aṣọ funfun yẹn bá jẹ́ ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ ńkọ́? Kò sí ohun tó lè yanjú rẹ̀ àfi kí n gbé tẹlifóònù tí wọ́n ní kí n má gbé.

Ọjọ́ Ajé dé. Òjò tún ṣú, pálọ̀ ṣókùnkùn ní aago mẹ́rin àbọ̀. Múyì wá, ó ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. "Rùká, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń wá màlúù fìdáù. Kí n má tiẹ̀ sọ ọ́ fún Màámi ni ì bá dáa." Màmá Gbọ́njúbọ́lá jókòó, agogo àdúrà wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Ó dún.

Nínú aṣọ ìnujú náà, ìró rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan bò lẹ́nu. Bíbélì ń gbọ̀n lórí rẹ̀.

"Jésù!" Màmá Gbọ́njúbọ́lá wí. "Má fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Àwọn àgbà ní kí o má gbé e!"

"Èmi ni mo tan àwọn àgbà jẹ, mà." Ẹkún bọ́ lójú mi. "N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo fi fídíò sí i nígbà tí ẹ lọ. Mo ní mo gbọ́, n kò sì gbọ́."

Ó ti dún nígbà mẹ́fà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Múyì tó sorí kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Bíbélì kúrò fúnra wọn.

Mo gbé e sétí. Omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. "Bọ̀dá Làmídì... dá Làmídì," ohùn mi sín mi jẹ. Mo dúró. Mo dúró pẹ́.

"Rùkáyátù? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Sà, ẹ má bínú. N kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí. Mo purọ́ pé mo gbọ́. Ẹ bá mi tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Mò ń kọ ọ́."

Kó tó fèsì, Màmá Gbọ́njúbọ́lá já a gbà, wọ́n lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta sí i lẹ́nu. "Bó o bá jẹ́ òkú, ní orúkọ Jésù, padà síbi tó o ti wá!"

Ẹ̀rín ló ti inú tẹlifóònù jáde, ẹ̀rín tó gùn, tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá Gbọ́njú! Ẹ ti fẹ́ di mí létí! Òkú bí i báwo? Ebi ló ń pa mí níbí, ẹja tútù tí wọn kò sè ni wọ́n ń fún mi jẹ!"

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Òkú kì í sọ̀rọ̀ oúnjẹ," wọ́n wí, wọ́n sì gbé tẹlifóònù lé mi lọ́wọ́. Ó sọ ọ́, mo kọ ọ́. Mo kà á padà fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kí ọ̀nà tó já: oṣù mẹ́ta ni kò ní lè pè mọ́, torí ó ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú omi kan láti máa ṣa ẹ́ńjìnnì. Bí n kò bá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ì bá fi ṣọ̀fọ̀ alààyè, bí ẹ̀mí wọn bá gbé e dé ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Màmá Gbọ́njúbọ́lá dé Ìrókò. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Àwọn Àlùfáà ti jókòó. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, èmi tí n kò lè béèrè omi lọ́wọ́ àlejò.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa."

Mo sọ ọ́ láti fídíò dé ìparí. Mo yọ òwú dúdú, mo nà án.

"Jídà rèé, Tókíò rèé."

"Ta ni Tókíò?" Bàbá Roheem bèèrè.

"Ìlú ni, sà. Ní Jàpáànù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá. Wákàtí méjìlá ni ọkọ̀ òfuurufú ń fi sáré débẹ̀, bí ẹni ń ti Ìbàdàn dé Kánò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ wọn ni oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí ẹ bá kí ìrun Àlásàárì tán, àwọn ti kí Alíṣáì, wọ́n ti sùn."

"Òótọ́ ni," Àlàájà Mùjíbátù wí, ojú ń tì wọ́n díẹ̀. "Ní Mẹ́kà pàápàá, Màgàríbà wa máa ń ṣáájú tilé. Aṣọ funfun yẹn náà... ta ni kì í wọ funfun ní Jídà?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó bò ó mọ́nú. Ṣùgbọ́n Hàjàrá kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde láti inú yàrá, ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó jù ú sí ẹsẹ̀ mi, ó wọlé padà. Agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, wọ́n ti fi ṣe sàráà. Títí di ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fi wálé lọ́dún kejì, kò rán mi níṣẹ́ ẹnu mọ́, mo sì mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ níyà.

"Àwa náà ṣẹ̀," Bàbá Roheem wí níkẹyìn. "A ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè. Rùkáyátù, ẹni tí kò gbọ́, tó ní òun gbọ́, ó burú ju adití lọ. Adití kì í pààyàn. Ìtìjú à-ń-béèrè, ìṣẹ́jú kan ni. Ìtìjú irọ́ lè sin odidi ilé. Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ, ẹ fi sọ́kàn." Wọ́n yí padà. "Ó yá, ka iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ."

Mo ṣí ìwé náà. Ṣùgbọ́n Ìyá Làmídì gbọ́wọ́ sókè láti ibi ògiri. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn. Mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, ètè wọn sì ń tẹ̀lé tèmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n bu ògì wá fún àwọn, wọ́n mu ún tán, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n la ẹnu sọ̀rọ̀ sí gbogbo agbo ilé, wọn kò fi kún un, wọn kò yọ kúrò níbẹ̀:

"Ó ní: 'Sọ fún ìyá mi pé ilé iṣẹ́ wa ti pa ipò mi dà. Mo ti kúrò ní Jídà, mo ti dé Tókíò. Kí wọ́n má bẹ̀rù. Òru ni níbí, ọ̀la ti dé ọ̀dọ̀ mi kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àlàáfíà ni mo sì bá níbẹ̀.'"